Fàdákà ìyá yín tó wà nísàlẹ̀ àpótí: ohun tí a rí kọ́ láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti olóṣèlú tó ń sá kúrò nínú ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, kì í sì í ṣe ti òṣèré tó kọ ọkọ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpótí ni. Ilé Yorùbá mélòó ni ẹ máa wọ̀ tí ẹ ò ní bá àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà? Aṣọ òfì á wà lókè, sányán á wà láàárín, àmọ́ nísàlẹ̀ pátápátá, nínú àkísà funfun tí wọ́n ta ní kókó, ibẹ̀ ni ẹ̀gbà ọwọ́, òrùka, ṣéènì ọrùn àti yẹtí máa ń wà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á tú u wò, wọ́n á rí i pé ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n á ní pàǹtírí lásán ni. Ẹlòmíràn á gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri àdúgbò, á gba owó tí kò tó ra búrẹ́dì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọwọ́ dúró ná. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jọ rin ìrìn àjò kékeré kan, kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ fẹ́ tà.

ỌNÀ ÌLOBÙ SÍ ÌFỌ́N

Bí ẹ bá wọ mọ́tò ní Òṣogbo, tí ẹ kọjú sí apá àríwá, ẹ máa gba Òkìní kọjá, kò sì ní pẹ́ tí ẹ fi máa wọ Ìlobù. Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ló fara kọ́ ọ bí ìbejì. Ẹ tún tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ ti dé Ìfọ́n nìyẹn. Ìrìn tí ọkàdà lè gbé èèyàn rìn kí oòrùn tó mú ni. Ìlobù ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n sì ni ti Òròlú. Olobù ló ń jọba ní Ìlobù, Olúfọ́n ló ń jọba ní Ìfọ́n. Mọ́sálásí wà níhìn-ín, ó wà lọ́hùn-ún. Ṣọ́ọ̀ṣì wà níhìn-ín, ó wà lọ́hùn-ún. Ẹ̀kọ tí wọ́n ń jẹ níbí náà ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Bí àlejò bá fetí sílẹ̀ sí àwọn ìyá tó ń náwó lọ́jà, kò lè mọ ẹni tó wá láti ìlú kan yàtọ̀ sí ẹni tó wá láti ìkejì.

Odò Erinlẹ̀ ń ṣàn ní agbègbè yẹn, ó ń lọ bá odò Ọ̀ṣun. Ìlobù ni orírun àwọn tó ń bọ Erinlẹ̀, òrìṣà tó jẹ́ ọdẹ tó sì tún jẹ́ olómi. Ọta inú odò ni wọ́n máa ń kó sínú àwo amọ̀ rẹ̀. Orúkọ Erinlẹ̀ yìí ti rìn jìnnà o, torí wọ́n ń pè é ní Inle ní orílẹ̀-èdè Cuba títí di òní. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, àwọn òyìnbó méjì kan, Ulli Beier àti Susanne Wenger, gbé ní Ẹdẹ, wọ́n gbé ní Ìlobù, kí wọ́n tó kó lọ sí Òṣogbo. Wenger yìí ni àwọn èèyàn wa ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, tó ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun, tó sì kú sí Òṣogbo lọ́dún 2009. Igbó Ọ̀ṣun yẹn náà ni àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé lọ́dún 2005.

IRIN KAN KÌ Í ṢE BÍ ÌKEJÌ

Kí ni gbogbo èyí fẹ́ ṣe pẹ̀lú ẹ̀gbà ọwọ́? Ó ní ohun tó fẹ́ ṣe o. Ní agbègbè yẹn, kò sí irin tí kò ní olówó orí. Idẹ ni ti Ọ̀ṣun. Bí ẹ bá lọ sí ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, ẹ máa rí ẹ̀gbà idẹ lọ́wọ́ àwọn ìyá, tó ń dán bí oòrùn àárọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá dé Ìfọ́n, funfun lẹ máa gbọ́, torí Ìfọ́n ni ilé Òrìṣà Olúfọ́n, Ọbàtálá arúgbó tí kì í wọ aṣọ àwọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa wọ aṣọ funfun, wọ́n a máa fi ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀sẹ̀ẹ̀fun sọ́rùn, wọ́n a sì máa fi ẹ̀gbà òjé sọ́wọ́. Òjé yìí funfun díẹ̀, ó wúwo, ó rọ̀. Fàdákà bá a tan ní àwọ̀, àmọ́ iyì wọn kò dọ́gba, ewu wọn kò sì dọ́gba. A máa padà sórí ìyẹn.

Ìtàn kan wà tí àwọn àgbà máa ń sọ nípa Òrìṣà Olúfọ́n. Ó fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ifá ní kó má lọ, ó ní òun máa lọ. Lójú ọ̀nà, Èṣù pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: ó da epo pupa sí i lára lẹ́ẹ̀kan, ó da èédú sí i lára lẹ́ẹ̀kejì, ó da àdín sí i lára lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá lọ wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, kò jà. Nígbà tó sún mọ́ Ọ̀yọ́, ó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, ó mú un dání kó lè dá a padà, ni àwọn ìránṣẹ́ bá ní olè ni. Wọ́n sọ bàbá arúgbó sẹ́wọ̀n ọdún méje. Òjò ò rọ̀ mọ́, obìnrin ò bímọ mọ́. Ìgbà tí Ṣàngó wádìí tó sì mọ ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, omi tútù ni wọ́n pọn wá, wọ́n wẹ bàbá mọ́, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé ìtàn yìí lọ. Ní ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, Oxalufã ni wọ́n ń pe Òrìṣà Olúfọ́n, wọ́n ṣì ń ṣe ọdún omi fún un. Ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní opaxorô, irin funfun ni wọ́n fi ń ṣe é, fàdákà ni ti ẹni tó bá lówó.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Láti bí ọdún 1700 sí 1800-ó-lé, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Bahia, ẹrú àti ẹni tó ti gba ara rẹ̀ sílẹ̀, máa ń so ohun ọ̀ṣọ́ kan mọ́ ìbàdí tí wọ́n ń pè ní balangandã. Fàdákà ni. Wọ́n á so ẹja kékeré mọ́ ọn, wọ́n á so kọ́kọ́rọ́, èso àti ọwọ́ tó di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ọn. Kì í ṣe fún fáàrí nìkan. Báńkì wọn nìyẹn. Obìnrin tí òfin kò fi bẹ́ẹ̀ gbà láyè láti ní ilé tàbí ilẹ̀ lè gbé ọrọ̀ rẹ̀ mọ́ ìdí. Bí nǹkan bá le, ó lè yọ ẹyọ kan tà. Bí ẹ bá dé Salvador, ẹ wọ Museu Carlos Costa Pinto, ẹ máa rí àwọn kan tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá tó wà ní Ìlobù àti ti ìyá tó wà ní Bahia kò yàtọ̀. Ohun tí obìnrin bá fi sọ́wọ́, sọ́rùn, òun nìkan ló ni ín. Ilẹ̀ lè jẹ́ ti bàbá, oko lè jẹ́ ti ọkọ, àmọ́ ẹ̀gbà ọwọ́, ti ìyá ni. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi máa ń fún ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́jọ́ tó bá ń lọ ilé ọkọ. Àwọn àgbà ò kúkú parọ́: ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.

ṢÍLÈ TÓ DI Ẹ̀GBÀ

Ibo ni fàdákà ti wá sínú àpótí wa? Ọ̀nà rẹ̀ pọ̀. Àwọn Nupe ní Bídà jẹ́ ògbóǹtagí nínú iṣẹ́ idẹ àti fàdákà, ọjà wọn sì ń dé ilẹ̀ wa láti ayébáyé. Àwọn tó lọ sí Mẹ́kà náà ń mú òrùka àti ṣéènì bọ̀, àwọn àfáà wa sì fẹ́ràn òrùka fàdákà torí ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò gba ọkùnrin láyè láti wọ wúrà, ó sì gbà á láyè láti wọ fàdákà.

Ṣùgbọ́n owó òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́dún 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé iṣẹ́ owó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, lọ́dún 1913 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ṣílè tiwa. Fàdákà gidi ni ṣílè yẹn: nínú ìdá 1000, ìdá 925 ni fàdákà. Nígbà tó di ọdún 1920, wọ́n dáwọ́ fàdákà dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin mìíràn tó pọ́n bí idẹ ṣe é. Káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni àwọn alágbẹ̀dẹ ti máa ń yọ́ owó fàdákà, tí wọ́n ń fi rọ ẹ̀gbà àti òrùka. Nítorí náà, ẹ̀gbà dúdú tí ẹ fẹ́ tà ní iye búrẹ́dì yẹn, ó lè jẹ́ ṣílè mẹ́wàá tí bàbá ìyá yín fi àgbàdo àti kòkó wá. Òógùn ojú rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

ÌJÀ DÉ, KÍ LA GBÉ?

A ò lè dé agbègbè yẹn ká máa ṣe bí ẹni pé a ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Lọ́dún 2025, ó tún gbiná. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, àwọn èèyàn sá, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobù, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ta ló jẹ̀bi, ta ló jàre? Kì í ṣe ojú ìwé yìí la ti máa dá ẹjọ́ yẹn. Àmọ́ ẹni tó bá ti sá kúrò nílé rí á mọ̀ pé aṣọ kò ṣeé kó tán, àga kò ṣeé gbé sáré. Ohun tó wọ inú ọwọ́ ni ìyá máa ń gbé. Ìyá mélòó ló jẹ́ ọmọ Ìfọ́n tó ń gbé nílé ọkọ ní Ìlobù? Ìyá mélòó ló jẹ́ ọmọ Ìlobù tó bímọ sí Ìfọ́n? Ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀, ìlú wo ni ẹ fẹ́ sọ pé ó ni ín?

Ẹni tí ilé rẹ̀ bá sì jóná, kó má tètè kó eérú dànù. Òjé máa ń yọ́ tí ooru bá tó ìwọ̀n 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àmọ́ fàdákà kì í yọ́ àfi tó bá tó 961. Kódà tó bá yọ́, kì í jóná di òfo, á kàn di kókó ni. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ tutù dáadáa, ẹ bo imú, ẹ fi asẹ́ jọ eérú ibi tí àpótí wà. Kókó dúdú tí ẹ bá rí, alágbẹ̀dẹ fàdákà lè tún un rọ. Iyùn ni iná máa ń sọ di ẹfun.

BÍ Ẹ ṢE MÁA TỌ́JÚ RẸ̀

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ibi tí ẹ ti ń dúró dè wá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ wo inú òrùka tàbí ìdè ṣéènì bóyá ẹ máa rí 925. Èyí tí alágbẹ̀dẹ ilé wa rọ kì í sábà ní àmì yìí, nítorí náà ẹ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ tí ẹ fọkàn tán. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn: fàdákà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá lẹ̀, irin ni wọ́n kùn. Ṣùgbọ́n bí kò bá lẹ̀, ìyẹn nìkan ò tíì fi hàn pé fàdákà ni, torí idẹ àti òjé náà kì í lẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní sílífà Jámánì, kò sí fàdákà kankan nínú ẹ̀. Bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì ni, ó sì máa ń yún ẹlòmíràn lára.

Dúdú tó dúdú yẹn ńkọ́? Kì í ṣe pé ó dógùn-ún bí irin. Imí-ọjọ́ tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló lẹ̀ mọ́ ọn lára. Èéfín jẹnẹrétọ̀, èéfín sítóòfù kẹrosíìnì, ẹyin, àlùbọ́sà, rọ́bà, gbogbo wọn ló ní in nínú. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi rọ́bà di ẹ̀gbà fàdákà pọ̀, ẹ má sì gbé e sí ilé ìdáná.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le ti tó. Ẹ fi aṣọ òwú tó rọ̀ nù ún, ẹ ṣan án, ẹ gbẹ ẹ́ pátápátá. Iyanrìn, eérú, ọṣẹ ìfọyín, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n máa ń ha fàdákà ni, ohun tí wọ́n bá sì ti ha kúrò kì í padà mọ́. Jíìkì tí a fi ń fọ aṣọ funfun, ẹ má jẹ́ kó kàn án rárá.

Bó bá dúdú gan-an, ẹ tẹ́ bébà fóìlì tí wọ́n fi ń se mọ́ínmọ́ín sínú abọ́, kí ojú tó ń dán wà lókè. Ẹ gbé fàdákà lé e kó kàn án, ẹ bu ṣíbí báíkín-sódà kan sí i, ẹ da omi gbígbóná lé e. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, imí-ọjọ́ á kúrò lára fàdákà, á lọ bá fóìlì. Ẹ máa gbọ́ òórùn bí ti ẹyin tó bàjẹ́, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ yọ ọ́, ẹ ṣan án, ẹ nù ún. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ tàbí iyùn mọ́, tàbí èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi dúdú sínú ọnà tí wọ́n fín sí i lára, ẹ má ṣe é o.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Òun ni àwọn ìyá fi ń fọ idẹ, ó sì dára fún idẹ, bí ẹ bá ti lè ṣan án kúrò kíákíá. Àmọ́ ẹ má fi kan iyùn. Láti inú òkun ni iyùn ti wá, ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹfun ìkọ̀wé àti ìkarahun ìgbín ló wà lára rẹ̀, omi ọsàn á jẹ ẹ́ bí ìgbà tí ikán jẹ igi. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ti tó fún iyùn.

Òjé ni kí ẹ ṣọ́ jù. Májèlé ni. Lọ́dún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn tó ń fọ́ òkúta láti wá wúrà gbé òjé wọ ilé láìmọ̀, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú. Ẹ̀gbà òjé tó jókòó jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyẹn, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ fi sẹ́nu, ẹ má fi ọsàn tàbí ọtí kíkan fọ̀ ọ́, ẹ má yọ́ ọ nílé, ẹ sì fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá dì í mú kí ẹ tó jẹun.

Bó bá di ká tọ́jú rẹ̀ pamọ́, ẹ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú aṣọ òwú funfun tó mọ́, ẹ fi sínú náílọ́n tó ṣeé dé, ẹ ju ẹyọ ṣọ́ọ̀kì kan sí i kó lè máa fa ọ̀rinrin. Fàdákà àti idẹ kì í sùn pọ̀. Lọ́fíńdà àti ìpara ni kí ẹ kọ́kọ́ fi, kí ẹ tó wọ fàdákà sọ́rùn. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù: ẹ máa wọ̀ ọ́. Fàdákà tí wọ́n ń wọ̀ dáadáa kì í tètè dúdú, torí ara àti aṣọ ń nù ún lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n tì mọ́ àpótí ni ojú ń pọ́n.

Ẹ KỌ ORÚKỌ SÍ I

Ní erékùṣù Hawaii, lábẹ́ Amẹ́ríkà, wọ́n ní àṣà kan tó wù wá. Orúkọ ni wọ́n máa ń fín sára ẹ̀gbà ọwọ́, tí wọ́n á fún ọmọbìnrin wọn. Liliʻuokalani, tó jẹ ọbabìnrin wọn láti 1891 sí 1893, ní ọ̀kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí pé kí ìrántí máa wà títí. Wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ àṣà ẹ̀gbà olórúkọ yẹn ṣì wà títí di òní.

Kò sí ohun tó ní kí àwa má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ fín in, ẹ kọ ọ́ sínú bébà kékeré, ẹ fi sínú àkísà yẹn: ta ló ni ín, ta ló fún un, ọdún wo, ìlú wo ló ti wá. Ìyá tó bá wà láyé, ẹ bi í léèrè lónìí, torí bí òun bá lọ, ẹ̀gbà á kù, ìtàn á lọ. Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ Ìfọ́n ni ìyá tó ni ín, pé Ìlobù ló ti gbé e wọlé ọkọ. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá ń bú ara wọn nítorí ààlà, kí ẹni kan lè ṣí àpótí kó fi hàn wọ́n.

Ẹni tó mọ iyì wúrà là á tà á fún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ni ín gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ iyì ẹ̀. Ẹ lọ tú kókó àkísà yẹn lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe wẹ Òrìṣà Olúfọ́n, ẹ má ha á. Ó dìgbà kan ná.